Eruku Tó Wọ Ẹ̀dọ̀fóró: Ohun Tí Àwọn Ajá Hanford Fi Hàn Wá

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Mo kí ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà láàárín wa, mo kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo sì kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ẹnu iṣẹ́ bọ̀ síbí tààrà.

Ọ̀dọ̀ àwọn ajá ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ní Hanford lẹ́bàá odò Columbia, ní ìpínlẹ̀ Washington lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í mú ajá Beagle, wọ́n ń jẹ́ kó fa eruku plutonium, irin kan tó ń tú ìtànṣán olóró jáde, símú, wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ láti ọjọ́ náà títí tó fi máa kú. Hanford yìí ni wọ́n ti ṣe plutonium inú bọ́ǹbù tí wọ́n jù sí Nagasaki ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1945. Lẹ́yìn ogun, iṣẹ́ ò dúró níbẹ̀, ńṣe ló tún ń pọ̀ sí i. Òṣìṣẹ́ ń wọlé, òṣìṣẹ́ ń jáde, eruku ohun tí wọ́n ń ṣe sì lè fò sí wọn nímú lọ́jọ́kọ́jọ́. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè dá wọn lóhùn tí wọ́n bá bèèrè pé: ohun tí mo fà símú lónìí yìí, ibo ló máa wà nínú ara mi lọ́dún mẹ́wàá òní?

Kì í ṣe pé wọn ò tíì fi èèyàn dán an wò rí. Láàárín ọdún 1945 sí 1947, wọ́n gún àwọn aláìsàn 18 ní abẹ́rẹ́ plutonium ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì mọ ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ náà. Ìkà gbáà ni mo ka ìyẹn sí, mi ò sì ní fi orúkọ míì pè é. Ká tiẹ̀ wá gbé ti ìwà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò dáhùn ìbéèrè tó wà nílẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ni abẹ́rẹ́ máa ń kó nǹkan sí. Imú ni òṣìṣẹ́ fi ń gbà á, ẹ̀dọ̀fóró ló sì kọ́kọ́ ń dé, àwọn ọ̀nà méjèèjì yìí ò jọra rárá.

Tí ìròyìn bá gbé e pé ohun olóró kan tú jáde níbì kan, ohun tí gbogbo ayé máa ń bèèrè ni pé, èló ló wọ inú ara? Ìbéèrè gidi ni, mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má bèèrè rẹ̀. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ lónìí ni pé iye tó wọlé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀. Ibi tó jókòó sí, bó ṣe ń kúrò níbẹ̀, àti irú sẹ́ẹ̀lì tó bá pàdé níbẹ̀, àwọn ló ń sọ bóyá ẹ̀dọ̀fóró ni àìsàn máa ti yọjú ni, tàbí egungun, tàbí kò ní yọjú rárá.

Ẹ jẹ́ ká wo eruku fúnra rẹ̀ ná. Lásìkò ọyẹ́, tẹ́ ẹ bá fun imú lówùúrọ̀, ẹ máa ń rí i pé ohun tó ń jáde dúdú, ó sì nípọn. Imú ti ṣiṣẹ́ nìyẹn. Eruku tó tóbi ju máíkrọ́nù 10 lọ, ìyẹn tí ẹ bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà 1,000 tẹ́ ẹ sì mú mẹ́wàá nínú rẹ̀, kì í sábà kọjá imú àti ọ̀fun. Ìdí ni pé ó wúwo: tí atẹ́gùn bá yà síbì kan, òun ò lè yà bẹ́ẹ̀, á kàn lọ fara gbá ògiri ọ̀nà, á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tó kéré sí i, bíi máíkrọ́nù kan sí márùn-ún, máa ń bá atẹ́gùn wọlé dé àwọn ẹ̀ka tóóró-tóóró, níbi tí atẹ́gùn ti ń rọra lọ, ibẹ̀ ló ti máa rọra balẹ̀. Èyí tó tún kéré ju ìyẹn lọ kì í balẹ̀. Àwọn ẹyọ tín-ín-tìn-ín tó para pọ̀ di atẹ́gùn ni wọ́n ń tì í síbí tì í sọ́hùn-ún títí tó fi máa kan ara àpò atẹ́gùn. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò: àwọn tí kì í balẹ̀ dáadáa, tí a sì ń mí jáde padà jù, ni àwọn tó wà láàárín méjèèjì, bí ìdá mẹ́ta tàbí ìdajì máíkrọ́nù kan. Wọn ò wúwo tó láti balẹ̀, wọn ò sì fúyẹ́ tó láti máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́.

Ibi tí eruku bá balẹ̀ sí ló ń sọ ọ̀nà tó máa gbà jáde. Láti imú títí wọ àwọn ẹ̀ka ńlá inú ẹ̀dọ̀fóró, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló tẹ́ ibẹ̀, irun wínníwínní tí ojú ò lè rí sì wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń tì í lọ sókè láìdúró. Eruku tó bá balẹ̀ síbẹ̀ á gòkè dé ọ̀fun láàárín wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ kan tàbí méjì. A ó gbé e mì láìmọ̀, á gba inú ikùn kọjá, á sì bá ìgbẹ́ jáde. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tọ́jú ajá ní Hanford fi ń kó ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ajá lójoojúmọ́ lẹ́yìn tó bá ti fa eruku náà símú, tí wọ́n ń wọn èyí tó ń jáde kí wọ́n lè mọ èyí tó ṣẹ́ kù. Iṣẹ́ àìmọye ọdún ni o, orí ìgbẹ́ ajá sì ni wọ́n ti rí ìdajì ohun tí a mọ̀ lónìí.

Àmọ́ kò sí irun yẹn nínú àwọn àpò atẹ́gùn tó wà ní ìkángun. Nínú ẹ̀dọ̀fóró èèyàn, irú àpò bẹ́ẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 300. Sẹ́ẹ̀lì kan ló ń rìn kiri inú wọn, tó ń gbé ìdọ̀tí mì. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní agbálẹ̀, torí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí eruku bá balẹ̀, agbálẹ̀ á yí i ká, á gbé e sínú ara rẹ̀, á sì gbìyànjú láti yòrò rẹ̀. Tí kò bá yòrò, agbálẹ̀ lè rìn títí dé ibi tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kó sì bá a gòkè lọ. Ó sì lè gba ọ̀nà kejì, kó wọ inú ẹran ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀, kó bá omi ara lọ sínú àwọn kókó tó ń sẹ́ omi ara, èyí tó wà níbi tí ọ̀nà atẹ́gùn ti pín sí méjì láyà wa. Ó tún lè kú síbi tó wà. Tó bá kú, eruku náà á tú sílẹ̀, agbálẹ̀ mìíràn á sì gbé e mì.

Èéṣe tó fi jẹ́ ajá? Eku rọrùn láti tọ́jú, kò sì wọ́n, wọ́n sì fi eku ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀dọ̀fóró eku máa ń lé eruku jáde kíá. Láàárín oṣù díẹ̀, ìdajì eruku tí kì í yòrò ti lọ. Nínú ajá, ọdún ni, kì í ṣe oṣù, ti èèyàn náà sì rí bẹ́ẹ̀. Ajá Beagle máa ń lo ọdún 12, 13, kó tó darúgbó kú, èyí á jẹ́ kí àìsàn tó ń pẹ́ kó tó jáde lè rí àyè jáde. Ó mọ níwọ̀n, ó jẹ́ onírẹ̀lẹ̀, kì í janu mọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ gan-an ló sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń mú. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí bí mo bá ti ń sọ ọ́. Mo gbà pé a ò bá má mọ ohun tí a mọ̀ láìsí wọn, mo sì gbà pé gbèsè wọn wà lọ́rùn àwa tí à ń lo ìmọ̀ náà. Ohun tó kéré jù tí a lè fi san án ni pé ká má ṣi ohun tí wọ́n fi ẹ̀mí wọn sọ fún wa lò.

Ìbòmú ni wọ́n ń fi sí ajá lẹ́nu, wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ́n eruku náà sínú atẹ́gùn, ajá á mí fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó tán. Kò dùn ún, kò wú u níkọ́, kò gbọ́ òórùn kankan. Á tún máa sáré kiri bíi ti àná. Plutonium-239 inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ọdún 24,100 ló máa gba kí ìdajì rẹ̀ tó parẹ́. Ìtànṣán alpha ló ń tú jáde, agbára rẹ̀ pọ̀ ṣùgbọ́n kì í lọ jìnnà: nínú ẹran ara, bíi máíkrọ́nù 40 péré ló ń lọ kó tó dúró. Irun orí èèyàn sábà máa ń nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bébà lásán lè dá a dúró, awọ ara wa náà lè dá a dúró. Nítorí náà, kò lè ṣe ẹni tó wà níta ní nǹkan kan. Ìgbà tó bá dé inú, tí kò sí awọ tàbí bébà láàárín òun àti sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè, ni ọ̀rọ̀ yí padà.

Torí pé kò ń lọ jìnnà, ibi tó wà ni nǹkan gbogbo. Bí wọ́n sì ṣe ń mọ ibi tó wà ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú inú wò. Tí ajá bá kú, wọ́n á gé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sí pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Wọ́n á tẹ́ ẹ lé orí awo gíláàsì, wọ́n á da oje tó jọ ti fíìmù fọ́tò bò ó, wọ́n á sì gbé e sínú òkùnkùn biribiri fún ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀. Ìtànṣán alpha kọ̀ọ̀kan tó bá jáde á fa ìlà dúdú kúkúrú kan sára oje yẹn. Nígbà tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán tí wọ́n gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù, wọ́n á rí ìràwọ̀. Àárín ìràwọ̀ náà ni ẹyọ eruku kan wà, àwọn ìlà dúdú sì tàn jáde láti ara rẹ̀ yí po, gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn bákan náà. Ìdajì ẹran ẹ̀dọ̀fóró yẹn lè mọ́ tónítóní tí kò sí ìràwọ̀ kankan níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sún un sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ẹ ó bá ibì kan tí ìràwọ̀ ti ṣù jọ débi pé ẹ ò ní lè ka ìlà wọn mọ́.

Nínú àwọn ajá tó ti pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n fà á símú, ìṣùjọ yẹn ní ibi tó fẹ́ràn. Ọ̀kan ni abẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ẹ̀dọ̀fóró lóde. Nígbà tí eruku kọ́kọ́ wọlé, ó fọ́n káàkiri. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn agbálẹ̀ ń kó o lọ sí etí, ó ń kó jọ sábẹ́ awọ yẹn, ẹran ibẹ̀ á le, á di àpá, àpá náà á sì há eruku mọ́lé. Kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Ibi kejì ni àwọn kókó tó ń sẹ́ omi ara. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, tí ẹ bá wọn gíráàmù kan ẹran kókó yẹn mọ́ gíráàmù kan ẹran ẹ̀dọ̀fóró, plutonium inú kókó pọ̀ ju ti ẹ̀dọ̀fóró lọ fíìfíì. Kókó náà á gbẹ, sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ á kú, á di àpá. Ọ̀kan lára àwọn àmì tí wọ́n kọ́kọ́ rí nínú àwọn ajá yìí ni pé irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan tó ti ara kókó wọ̀nyí wá ń dín kù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, kí àìsàn mìíràn tó jáde rárá.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí rèé. Ẹni tó bá rí iye tó wà nínú kókó yẹn á sọ pé ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ máa ti bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló ti ń bẹ̀rẹ̀, láti ara sẹ́ẹ̀lì tó wà ní ìkángun ọ̀nà atẹ́gùn àti nínú àwọn àpò, níbi tí plutonium ti kéré sí ti kókó. Ìtànṣán ti pa púpọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì kókó pátápátá, ohun tó bá sì ti kú ò lè di jẹjẹrẹ. Èyí tó fara pa, tí kò kú, tó tún ń bí òmíràn, òun ló yẹ ká bẹ̀rù.

Iye tí ajá fà símú náà kó ipa tirẹ̀, ká má fi ìyẹn pamọ́. Àwọn tí tiwọn pọ̀ gan-an kò dúró de jẹjẹrẹ. Ẹ̀dọ̀fóró wọn wú, ó gbóná, ó le di àpá, wọn ò lè mí dáadáa mọ́, wọ́n sì kú láàárín oṣù tàbí ọdún díẹ̀. Àwọn tí tiwọn mọ níwọ̀n pẹ́ láyé, lára wọn sì ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti pọ̀. Àwọn tí tiwọn kéré jù, púpọ̀ nínú wọn darúgbó kú bíi ti àwọn ajá tí wọn ò fún ní nǹkan kan.

Ní ọdún 1964, sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà kan kò dé ibi tí wọ́n rán an lójú ọ̀run, ẹ̀rọ iná tó gbé dání sì jóná lókè, plutonium-238 inú rẹ̀ tó tó kílógíráàmù kan fọ́n sínú òfuurufú ayé. Òun àti plutonium-239, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ọdún 88 péré ni ìdajì plutonium-238 ń lò, nítorí náà ìtànṣán tí gíráàmù rẹ̀ kan ń tú jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 280 ti gíráàmù kan plutonium-239. Èèyàn á rò pé bí ajá méjì bá gba ìtànṣán iye kan náà láti ara méjèèjì, nǹkan kan náà ló máa ṣe wọ́n. Àwọn onímọ̀ Hanford dán an wò. Àwọn ajá tó fa eruku plutonium-239 símú, ẹ̀dọ̀fóró wọn ni jẹjẹrẹ ti mú. Àwọn tó fa ti plutonium-238, egungun ni ó pọ̀ sí. Agbára ìtànṣán plutonium-238 ń fọ́ eruku tirẹ̀ fúnra rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, èyí tó ti fọ́ wẹ́wẹ́ á yòrò, á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì gbé e lọ sínú egungun àti ẹ̀dọ̀kì. Imú kan náà ló gbà wọlé, ẹ̀dọ̀fóró kan náà ló kọ́kọ́ bà lé.

Ní Albuquerque, ní ìpínlẹ̀ New Mexico, ibi ìwádìí Lovelace bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní ọdún 1960, ṣùgbọ́n àwọn ohun tó ń jáde látinú bọ́ǹbù àti ẹ̀rọ amúnáwá átọ́ọ̀mù ni wọ́n mú, kì í ṣe plutonium nìkan. Ọgbọ́n tí wọ́n dá níbẹ̀ wú mi lórí. Wọ́n mú strontium-90, ọ̀kan lára àwọn ohun yẹn, wọ́n fi ooru gbígbóná janjan yọ́ ọ pọ̀ mọ́ amọ̀, ó di ẹyọ eruku líle tí kì í yòrò. Ajá tó bá fa ìyẹn símú, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló ń gbé e. Wọ́n tún mú strontium-90 yẹn kan náà, wọ́n fún ajá mìíràn ní irú rẹ̀ tó ń yòrò nínú omi. Kò pẹ́ ọjọ́ tó ti kúrò ní ẹ̀dọ̀fóró, egungun ló lọ, torí ara kò mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sí kálísíọ̀mù, jẹjẹrẹ egungun ló sì mú àwọn ajá wọ̀nyí.

Wọ́n tún fi amọ̀ kan náà gbé mẹ́rin lára àwọn ohun tó ń tú ìtànṣán jáde: yttrium-90 tí ìdajì rẹ̀ ń lọ láàárín wákàtí 64, yttrium-91 tó ń lo bí ọjọ́ 59, cerium-144 tó ń lo ọjọ́ 285, àti strontium-90 tó ń lo bí ọdún 29. Amọ̀ ò yàtọ̀, ibi tó jókòó sí ò yàtọ̀, àsìkò nìkan ló yàtọ̀. Èyí tó da gbogbo ìtànṣán rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ ló ń tètè pa ajá, torí ẹ̀dọ̀fóró kò rí àyè tún ara rẹ̀ ṣe. Èyí tó ń rọra tú u sílẹ̀, ajá lè gba ìtànṣán tó ju tàkọ́kọ́ lọ kó má sì kú lójú ẹsẹ̀, àmọ́ jẹjẹrẹ ń dúró dè é níwájú.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á fẹ́ bi mí pé, tí ìràwọ̀ bá ń ṣù jọ sí ojú kan báyìí, ǹjẹ́ kò burú ju kó tàn káàkiri lọ? Ìbéèrè yẹn dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1974, àwọn onímọ̀ méjì, Arthur Tamplin àti Thomas Cochran, kọ̀wé sí ìjọba pé kò tọ́ láti mú ìtànṣán ẹyọ eruku kan, kí wọ́n wá pín in káàkiri gbogbo ẹ̀dọ̀fóró lórí ìwé bí ẹni pé gbogbo ibẹ̀ ló gbà á. Wọ́n ní ẹran tó yí eruku yẹn ká ń gba èyí tó bani lẹ́rù, wọ́n sì ní kí ìjọba dín iye tó gbà láàyè fún òṣìṣẹ́ kù ní ìlọ́po 115,000. Kí wọ́n lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni, àwọn ẹranko ni àwọn onímọ̀ tún padà lọ bá. Ní Los Alamos, ibi ìwádìí mìíràn ní New Mexico, wọ́n ti fi àwọn bọ́ọ̀lù bíńtín tí plutonium wà nínú wọn há inú ẹ̀dọ̀fóró eku hamster, ọ̀pọ̀ ẹyọ nínú eku kan. Jẹjẹrẹ tó jáde kéré jọjọ. Nígbà tí àwọn mìíràn wá fún hamster ní polonium-210, òun náà alpha ló ń tú jáde, tí wọ́n sì jẹ́ kó tàn káàkiri ẹ̀dọ̀fóró, jẹjẹrẹ pọ̀ níbẹ̀. Ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nípa àwọn kókó tó ń sẹ́ omi ara náà ni: níbi ìṣùjọ, sẹ́ẹ̀lì ń kú, níbi tó ti tàn, sẹ́ẹ̀lì púpọ̀ ń fara pa, ó sì ń yè. Ìjọba kọ ohun tí wọ́n béèrè ní ọdún 1976. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ò ṣe àṣedànù. Ohun tó yẹ kí wọ́n bèèrè ni wọ́n bèèrè, ìbéèrè wọn ló sì fipá mú kí gbogbo ènìyàn tún ìdáhùn wò.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òkèèrè nìkan. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1960, àwọn ará Faransé yin bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù wọn àkọ́kọ́ ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sahara lórílẹ̀-èdè Algeria. Inú oṣù ọyẹ́ ni, aṣálẹ̀ yẹn náà sì ni eruku ọyẹ́ ti ń wá bá wa. A ò tíì gba òmìnira nígbà náà. Nígbà tí wọ́n fi máa yin ìkẹta ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá, a ti gbà á, ní oṣù kìíní ọdún 1961 ni ìjọba Tafawa Balewa sì lé aṣojú Faransé jáde ní Nàìjíríà, tí wọ́n sì ti èbúté wa mọ́ ọkọ̀ wọn. Ní ọdún 1964, wọ́n dá ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ààbò lórí ìtànṣán sílẹ̀ sí ẹ̀ka ìmọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Ìbàdàn. Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbí mọ ìtàn yẹn. Àwọn bàbá wa kò dúró kí ẹlòmíràn wá sọ ohun tó wà nínú atẹ́gùn wọn fún wọn.

Ti sìgá náà wà ńlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu kàn án. Polonium-210 wà lára ewé tábà, àwọn onímọ̀ rí i nínú èéfín sìgá ní ọdún 1964. Irun tó wà lára ewé yẹn ló ń gba èérí inú atẹ́gùn mọ́ra. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó ń mu sìgá wò, ibi tí ọ̀nà atẹ́gùn ti ń pín sí méjì ni wọ́n ti bá a tó kó jọ. Sìgá kan náà ló tún ń pa irun wínníwínní tó yẹ kó tì í jáde.

Ǹjẹ́ ohun tí ajá fi hàn bá ti èèyàn mu? Ní oṣù kẹwàá ọdún 1965, iná jó níbi iṣẹ́ plutonium ní Rocky Flats, ní ìpínlẹ̀ Colorado, òṣìṣẹ́ bíi 25 sì fa eruku rẹ̀ símú. Iná ti sun eruku náà débi tí kì í yòrò mọ́. Wọ́n ń wọn àyà àwọn ọkùnrin náà léraléra, ó sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bó ṣe wà nínú ajá. Lórílẹ̀-èdè Rọ́ṣíà, níbi iṣẹ́ Mayak tí wọ́n ti ń ṣe plutonium, àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ gba plutonium tó pọ̀ ju ìyẹn lọ, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró láàárín wọn sì ń pọ̀ sí i bí ohun tó wọ inú wọn bá ṣe pọ̀ tó. Láti ọdún 1968 ni àwọn òṣìṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ti ń fi òkú ara wọn tọrẹ fún àwọn onímọ̀, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ikú. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi.

Ìbéèrè tó kù ni ti ìwòsàn. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní DTPA, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní ọdún 2004. Ó máa ń gbá plutonium tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mú, á sì gbé e bá ìtọ̀ jáde, àǹfààní rẹ̀ sì pọ̀ tí wọ́n bá tètè fún ẹni náà. Àmọ́ eruku tí kì í yòrò, tó wà nínú agbálẹ̀ tàbí lábẹ́ àpá, DTPA kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni omi. Wọ́n ti dán an wò lára ajá: wọ́n á kun ajá lóorun, wọ́n á da omi oníyọ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró kan, èkejì á máa mí, wọ́n á sì fa omi náà jáde pẹ̀lú àwọn agbálẹ̀ tó ti gbé eruku mì. Tí wọ́n bá ṣe é léraléra láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, apá tó pọ̀ nínú eruku yẹn ń jáde. Ṣùgbọ́n àsìkò kéré. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìgbà tí agbálẹ̀ ṣì wà nínú àpò atẹ́gùn, kó tó wọ inú ẹran ẹ̀dọ̀fóró lọ.